Mo Fi Ìkànnì Ẹ̀gbọ́n Mi Sílẹ̀ Kó Kú

Ẹ má bá mi wá àwáwí. Èmi fúnra mi ti wá a títí, kò sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi là sílẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é, ara mi sì yá gágá. Bí inú bá ń bí yín sí mi bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ jẹ́ kó máa bí yín lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn oníṣòwò kéékèèké: ẹni tó ń yan búrẹ́dì, ẹni tó ń ya fọ́tò, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, obìnrin tó ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà. Wọn ò mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì fẹ́ mọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wà tó ní àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá, inú kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn ni ìkànnì gbogbo wọn ń gbé bí ayálégbé. Èmi ni mo bá wọn gba yàrá níbẹ̀. Orúkọ mi ni ilé-iṣẹ́ náà mọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tún nǹkan ṣe, èmi ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn oníbàárà mi. Aṣọ ìgbéyàwó ló ń háyà fún èèyàn, àwọn funfun gígùn tó ń wọ́ nílẹ̀ yẹn. Ìyá Ìyàwó ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí lẹ́yìn tí màmá wa kú. Òun ló ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí mo ní láyé mi, lọ́dún tí ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ bàjẹ́ tó ń fọwọ́ rán aṣọ.

Kí n tó ṣe ìkànnì fún un, ìwé ló fi ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ háyà aṣọ. Èmi ni mo já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ń ya, ìwé ń sọnù. Ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìkànnì máa bá yín rántí.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú bí ọjọ́.”

Ó gbọ́ tèmi. Láti ìgbà náà, ọmọge á ṣí ìkànnì, á yan aṣọ, á mú ọjọ́. Ìwọ̀n àyà rẹ̀, ìwọ̀n ìdí rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wọlé síbẹ̀. Èèyàn méjì ò lè mú aṣọ kan náà lọ́sẹ̀ kan náà, ìkànnì ò ní gbà. Bí ìkànnì yẹn bá lọ, ẹ̀gbọ́n mi ò ní mọ aṣọ tó jẹ́ ti ta ni mọ́, orúkọ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ á sì bà jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè ní mi ò mọ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́kọ. Ọkọ náà ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báńkì, ọmọ jẹ́jẹ́, gbogbo ìgbà tó bá rí mi ló ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò sí ohun tí mo lè dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ Sunday kan, a jókòó sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn oúnjẹ. Àna wa yìí wá fara balẹ̀, ó ní:

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Mo ṣàkíyèsí pé ìkànnì Màmá máa ń pẹ́ kó tó ṣí lórí fóònù. Bóyá àwọn fọ́tò ibẹ̀ ló wúwo jù.”

Òótọ́ ló sọ. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti mọ̀ pé àwọn fọ́tò yẹn wúwo jù. Mo kàn ń sún un síwájú ni.

Kí n tó dáhùn, ẹ̀gbọ́n mi ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ ò rí i? Èmi náà ti ń rò ó. Ìwọ, bá àbúrò mi wò ó. Ẹ jọ máa ṣe é.”

Ẹ jọ máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn há mi lọ́fun bí eegun ẹja.

“Ṣé iṣẹ́ mi ò dáa mọ́ ni?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ ẹ.”

“Mo sọ fún yín pé ó pọ̀ lọ́wọ́ mi ni?”

“Hẹn-ẹn! Ẹ wò ó bó ṣe fajú ro. Àbúrò mi yìí, bí wọ́n bá ní kó rọra rìn, á ní wọ́n pe òun ní arọ.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti lé ara mi kúrò níṣẹ́, mo sì ti fi àna wa sórí àga mi. Ẹnikẹ́ni ò lé mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, nínú ọkàn mi níbẹ̀ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ wọlé láti ilé-iṣẹ́ tí àwọn ìkànnì wa ń gbé. Wọ́n ní àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti gbó, àwọn máa pa wọ́n. Kí oníkálukú kó ìkànnì rẹ̀ lọ sórí àwọn tuntun kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá. Èyí tí a kò bá kó, wọ́n á pa á rẹ́ pátápátá.

Kì í ṣe iṣẹ́ tó le. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kó ti oníbúrẹ́dì. Mo kó ti onífọ́tò, ó pẹ́ díẹ̀ torí àwòrán rẹ̀ pọ̀. Mo kó ti onífíríìjì àti ti obìnrin tó ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò. Èyí tí mo bá kó, mo máa ṣí i lórí fóònù mi, mo máa wò ó bóyá gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tó mọ́ ni mo ṣe fún àwọn tí kì í ṣe ẹbí mi.

Ó wá ku ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi dúró.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wá sọ́kàn mi bó ṣe rí gan-an. Mo ní: jẹ́ kó kú díẹ̀. Jẹ́ kó ṣí i lọ́jọ́ kan kó má rí nǹkan kan. Ẹ̀rù á bà á. Á pe àna rẹ̀, àna rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní lè ṣe nǹkan kan, torí ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Á wá pè mí. Á bẹ̀ mí. Mo máa fi í sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo máa wá jí ìkànnì náà dìde, gbogbo wọn á sì mọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹ̀dà ìkànnì náà ṣáà wà lọ́wọ́ mi, mo ti tò ó láti ọjọ́ pípẹ́ kó máa ṣe àdàkọ ara rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ló lè bàjẹ́?

Ó dùn mọ́ mi bí oyin. Mo ń se oúnjẹ, mò ń rò ó. Mò ń fọṣọ, mò ń rò ó. Mo ti mọ ohùn tí mo máa fi dáhùn nígbà tó bá ń bẹ̀ mí.

Ilé-iṣẹ́ náà tún kọ̀wé. Mo ṣí i, mo pa á dé. Wọ́n tún kọ ẹ̀kẹta, pupa lèyí. Wọ́n ní ìkànnì kan ṣẹ́ kù tí mi ò tíì kó. Ṣé mo fẹ́ kí àwọn bá mi kó o? Àmì méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Bẹ́ẹ̀ ni àti Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọlọ́run ò fi mí sílẹ̀ láìkìlọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

“Àbúrò mi, ọkọ ọmọ wa ní òun gbọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń pa àwọn ẹ̀rọ wọn àtijọ́. Ṣé kò kàn wá?”

Mo lè sọ nǹkan kan nígbà yẹn. Mo lè ní, ó kàn wá o, ẹ jẹ́ n sáré bá yín kó o. Kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n torí pé orúkọ àna yẹn ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀mí èṣù tún gùn mí.

“Kò kàn wá. Ẹ sọ fún un kó bójú tó báńkì rẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “O ò dáa! Ó dáa, mo ti gbọ́. Ìwọ náà ni mo gbójú lé.”

Ọjọ́ pé. Ìkànnì náà kú lọ́jọ́ Monday. Mo gbé fóònù mi sórí tábìlì, mo jókòó tì í. Nígbà tó dún, mo jẹ́ kó dún dáadáa kí n tó gbé e.

“Àbúrò mi, mi ò rí nǹkan kan mọ́ o! Mo ṣí i, ó funfun báláú.”

“Ẹ ò pe ọkọ ọmọ yín?” Mo fi ohùn dídùn sọ ọ́.

“Ó wò ó. Ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe, ọwọ́ ẹ ni gbogbo rẹ̀ wà. Jọ̀ọ́, má bínú, bá mi wò ó. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń bọ̀ wá gba aṣọ lọ́sẹ̀ yìí. Mo bẹ̀ ẹ́.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi dí, pé kó fún mi títí di ìrọ̀lẹ́. Mo wá lọ po tíì, mo sì jókòó mu ún pẹ̀lú sùúrù.

Lọ́sàn-án, mo ní kí n wá gbé ẹ̀dà náà jáde. Mo wá a nínú kọ̀ǹpútà mi, kò sí. Mo wo ibi tí mo tò ó sí.

Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn náà ni ẹ̀dà wà. Ibi tí ìkànnì ń gbé ni mo ní kó máa tọ́jú àdàkọ ara rẹ̀ sí. Ó dà bí ẹni tó gé kọ́kọ́rọ́ kejì torí kí ti àkọ́kọ́ má baà sọnù, tó wá so méjèèjì mọ́ òrùka kan náà. Ìgbà tí wọ́n pa kọ̀ǹpútà yẹn, gbogbo rẹ̀ ló jọ lọ. Èmi tí mò ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn láti kọ́ wọn ní ọgbọ́n!

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ó ti lọ, kò sí bí àwọn ṣe lè gbà á padà. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n má bínú.

Ẹ̀gbọ́n mi tún pè. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ilé-iṣẹ́ yẹn ló bà á jẹ́. Wọ́n ti pa á rẹ́.”

“Pa á rẹ́ báwo? Wọn ò kọ̀wé sí ẹ ni?”

“Wọn ò kọ nǹkan kan.”

“Áà! Ìwà ìkà wo nìyí? Àwọn èèyàn tí à ń sanwó fún!” Ó wá ní, “Má da ara ẹ láàmú. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Ṣé o ti jẹun?”

Ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Àtọjọ́ yẹn ló ti ń gbèjà mi káàkiri. Bí oníbàárà bá ń pariwo, á ní, “Ẹ má bá àbúrò mi wí, ilé-iṣẹ́ kan ló ṣe wá báyìí.” Àna wa gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wá ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá wọlé, á ní kó fi ọ̀rọ̀ tí ìkànnì fi ránṣẹ́ sí i nígbà tó mú ọjọ́ hàn án lórí fóònù rẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tún un kó jọ. Èmi náà ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, mò ń ṣe bí ẹni tó ń ṣèrànwọ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ń gba ọpẹ́.

Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù mọ́, orí ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù tí wọ́n lè gbára lé. Ó máa dúró síwájú àwọn aṣọ, á dijú, á ní, “Ìwọ… ìwọ lo mú èyí tó ní bọ́tìnnì lẹ́yìn. Àbí?” Bí ọmọge bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á gbé e fún un.

Ọjọ́ Friday ni nọ́ọ̀sì kan wọlé pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ìgbéyàwó rẹ̀. Ó fi fóònù hàn wá: ọ̀rọ̀ ìkànnì nìyẹn, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, aṣọ tó ní bọ́tìnnì lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ti fún ẹlòmíì ní aṣọ yẹn lọ́jọ́ Wednesday, ẹni náà sì ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

“Wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ sí i fún mi,” nọ́ọ̀sì náà ní. Obìnrin tó sanra dáadáa ni. “Màmá fọwọ́ ara wọn fẹ̀ ẹ́ sí i. Kò sí òmíràn tó gbà mí níbí. Mo ti wọ gbogbo wọn wò lọ́jọ́ yẹn, ẹ rántí?”

Ẹ̀gbọ́n mi rántí. Ó jókòó sórí àpótí. “Ọmọ mi, ìkànnì wa ló kú. Wọ́n pa á rẹ́ láìsọ fún wa.”

Bàbá nọ́ọ̀sì ò gbọ́ èdè yẹn. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀. “Ìkànnì kú. Ohun tí oníṣòwò gbogbo ń sọ lóde òní nìyẹn. Ẹ háyà aṣọ kan fún èèyàn méjì, ẹ wá ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Òpùrọ́ ni yín, màdáámù.”

Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹ̀gbọ́n mi ní òpùrọ́ rí láyé. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Èmi? Òpùrọ́? Ó dáa. Ẹ dúró níbẹ̀. Àbúrò mi, pe àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn. Gbé e sí sípíkà kí bàbá gbọ́ létí ara wọn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọn kì í gbé fóònù lọ́jọ́ Friday.”

“Pè é.”

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.”

“Nọ́ńbà wọn rèé, Àǹtí,” àna wa ní. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù tirẹ̀, ó ti fi í sí sípíkà, ó gbé e fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò mọ nǹkan kan. Ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni.

Wọ́n gbé e lójú ẹsẹ̀. Ohùn ọmọbìnrin kan ni, ohùn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dárúkọ, mo dárúkọ. Ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ mi.

Mo rọra sọ ọ́ sínú fóònù.

“Mi ò gbọ́ yín mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀.”

Mo sọ ọ́ sókè. Ó ní òun ti rí mi báyìí, kí ni òun lè bá mi ṣe? Mo ṣì ń wá irọ́ tí mo máa pa. Bàbá nọ́ọ̀sì ló súnmọ́ fóònù.

“Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni ẹ pa ìkànnì ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìgbéyàwó yìí rẹ́ láìsọ fún wọn?”

“Rárá o, bàbá. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀.” Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ̀wé sí wọn. Wọ́n sì ṣí gbogbo rẹ̀ kà.”

Mo nawọ́ kí n pa fóònù náà. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, kò wò mí.

“Ọmọ mi,” ó ní sínú fóònù, “èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Bóyá àṣìṣe ni. Àbúrò mi ní iṣẹ́ púpọ̀, bóyá kò rí tiwa láàárín àwọn tó kù.”

Ó ṣì ń gbèjà mi.

“Ẹ má bínú mà, kò jọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn ìkànnì tó kù ni wọ́n kó, tiyín nìkan ló ṣẹ́ kù. A wá bi wọ́n bóyá ká bá wọn kó o, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́.”

Ọwọ́ pálábá mi ségi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì. Àna wa wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo bàbá rẹ̀. Bàbá náà ṣí fìlà, ó ní, “Màdáámù, ẹ dárí jì mí. Ẹ kì í ṣe òpùrọ́.” Ó tún fi í dé orí, ó yí ojú sí ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ dìde, ó ṣí gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́ aṣọ tó wà lára ère ibẹ̀. Aṣọ tó fi ń polówó iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò háyà á fún ẹnikẹ́ni rí. Ó mú abẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo wa. Ó ní kí nọ́ọ̀sì dúró, ó wọ̀n ọ́n, ó gún un ní pín-ìn-nì. Nígbà tí bàbá àti ọmọ máa fi kúrò, ọmọ náà ti láṣọ, ó sì ń sunkún ayọ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi tó kọjú sí mi.

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Kí ni mo ṣe fún ẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí.”

“Mi ò ní kí o bẹ̀ mí. Mo ní, kí ni mo ṣe fún ẹ?”

“Mo rò pé… mo rò pé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi fún ọkọ ọmọ yín.”

Àna wa gbójú sókè. “Èmi, Àǹtí? Iṣẹ́ báńkì yìí ò jẹ́ kí n rí ìyàwó mi gan-an.”

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. “Ká ní o bi mí ni. Ẹnu lásán lo máa fi bi mí. Ẹni a ní kó kínni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́. Mo ti ń pa òwe yẹn látọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò mọ̀ pé ilé mi ló ń gbé.” Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. “O jẹ́ kí n máa bẹ̀ ẹ́. Mo pè ẹ́ lórí fóònù, mò ń bẹ ìwọ tí mo pọ̀n. O sì ń gbọ́.”

Mo ní mo fẹ́ tún un ṣe ni. Mo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ jí i dìde. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ létí ara mi, ó ń rùn.

“Dìde, máa lọ sílé ẹ. Má wá síbí mọ́.”

Mo rò pé inú rẹ̀ á rọ̀ tó bá yá. Mo rán èèyàn, mo rán pásítọ̀, mo rán ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́, òun ò bá mi jà. Bí mo bá pè é, á gbé e, á bi mí bóyá ara mi le, á ní ó dàárọ̀. Ṣùgbọ́n kó ní kí n wá, kò jẹ́ sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ gbé ìkànnì yín lé irú mi lọ́wọ́, ẹ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà nílé-iṣẹ́ tí ìkànnì yín ń gbé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, kó máa dé fóònù tiyín náà, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ máa bi èèyàn. Bí wọ́n bá ní ẹ̀dà wà, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín, kí wọ́n ṣí i lójú yín, kí ẹ sì rí i pé ibòmíràn ló wà. Ẹ má jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó sún mọ́ yín tó. Ẹ máa sọ pé, ẹbí mi ni, kò lè ṣe mí ní ibi. Ẹ̀gbọ́n mi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Nínú ọdún yìí, ọmọ mi obìnrin ní òun fẹ́ ṣègbéyàwó. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ lórí fóònù. “Ọmọ mi ni! Ta ni ì bá wọṣọ fún un bí kì í ṣe èmi? Ní kó máa bọ̀.”

Mo ní, “A máa wá lọ́jọ́ Saturday.”

“Ní kó máa bọ̀,” ó tún un sọ.

Ọmọ mi mú ọjọ́ lórí ìkànnì tuntun tí àna wa ṣe. Ó fi èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ hàn mí: “Ẹ lè mú ìyá yín dání, ojú kì í tan ìyá jẹ nídìí aṣọ ọmọ rẹ̀.” Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn nígbà ayé ìkànnì àtijọ́. Wọ́n rí i lórí fóònù oníbàárà kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Màmi, ẹ jẹ́ n bá yín bẹ̀ wọ́n.”

“Má bẹ̀ wọ́n.”

Mo sìn ín débẹ̀. Ó sọdá, èmi dúró sí òdìkejì títì, lábẹ́ ìbòòji ilé onífọ́tò kan. Gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́ dáadáa, mo ń rí wọn. Wọ́n wọ aṣọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, pín-ìn-nì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń yí ọmọ mi po bó ṣe ń ká etí aṣọ. Ọmọ mi wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ìta, ó rí mi. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá rọra fa kọ́tìnnì.

Nígbà tí ọmọ mi jáde, mo bi í bí aṣọ náà ṣe rí.

“Ó bá mi mu gan-an, Màmi,” ó ní. Kò wò mí lójú. “Ẹ ó rí i lọ́jọ́ náà.”